Góòlù àti iyùn àjogúnbá: bí ẹ ṣe lè tún wọn ṣe kí ẹ máa rí wọn wọ̀

Agolo bísíkíìtì ni ìyá àgbà wa máa ń kó góòlù wọn sí, nínú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nílé wa ní Òkè Àdó, n'Ìbàdàn. Nígbà tí a ṣí i lẹ́yìn àdúrà ogójì, ohun tí a bá níbẹ̀ ni yẹtí kan tí kò ní èkejì, ṣéènì tó já sí méjì, báńgù méjì tó ti tẹ̀, òrùka kan tó ti fẹ́lẹ́ bí ewé, àti iyùn ọrùn tí òwú rẹ̀ ti jẹrà débi pé bí àbúrò mi ṣe gbé e sókè, wàràwàrà ló dà sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni agolo náà fi wà lọ́wọ́ mi. N kò lè wọ̀ wọ́n bí wọ́n ṣe wà, ọkàn mi kò sì gbà kí n tà wọ́n. Lónìí, èmi, àwọn àbúrò mi mẹ́ta àti ọmọ mi obìnrin, gbogbo wa là ń lò nínú rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ kí a tó débẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, pẹ̀lú àṣìṣe tí mo ṣe, kí ẹlòmíì má baà ṣe irú rẹ̀.

Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ọ̀rọ̀ mi: èyí tó bá ṣe é dá padà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a bá tú, a lè tún un tò. Ṣéènì tó bá já, wọ́n lè jó o pọ̀. Ṣùgbọ́n góòlù tí a bá ti yọ́, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó ṣe é láyé ọjọ́un ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà. Nítorí náà, iná ló máa kẹ́yìn.

Ẹ bi ẹbí kí ẹ tó bi alágbẹ̀dẹ

Ẹ má fi ọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ ó fi mọ ẹni tó ni ín. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹbí kan ń pín ogún ní ìdí igi, tí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan jọ ń gba ìpín kan. Àwọn mìíràn ń pín in ní orí ojorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba tirẹ̀. Ẹbí Mùsùlùmí lè pín in bí Kùránì ṣe là á sílẹ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ jẹ́ kó parí kí góòlù tó kúrò nílé. Mo ti rí àwọn ọmọ ìyá tí wọn kì í kí ara wọn mọ́ nítorí òrùka kan tí ẹnìkan gbé lọ fún alágbẹ̀dẹ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sì gbé e lọ náà kò ní èrò ibi lọ́kàn.

Ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn wà tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Bí bàbá yín bá jẹ́ mọ́gàjí tàbí ó joyè, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe oyè lè jẹ́ ti agbo ilé, kì í ṣe ti ọmọ. Bákan náà ni otútù-ọpọ̀n tí babaláwo ń so mọ́ ọwọ́, ṣẹ́ṣẹ́ ẹfun ti àwọn olóòṣà Ọbàtálá, àti kélé ti àwọn oníṣàngó. Kódà bí ilé yín bá ti di ilé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, ẹ bi àgbà kan tó mọ̀ kí ẹ tó ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó dàgbà jù tó ṣì ń rántí. Ẹ tẹ́ nǹkan náà síwájú wọn, ẹ tan fóònù kí ó máa gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni mo lọ bá. Wọ́n mú báńgù kékeré nínú méjèèjì, wọ́n ní owó kòkó ni bàbá àgbà fi rà á. Wọn kò rántí ọdún rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọdún tí wọ́n parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ni. Ọdún 1965 nìyẹn. Báńgù ńlá, èyí tí mo rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù, wọ́n ní ìyá àgbà kàn gbà á lọ́wọ́ ẹni tó jẹ wọ́n lówó ni. Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti mọ èyí tí a kò gbọdọ̀ yọ́. Ká ní mo ti gbé méjèèjì lọ kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, èyí tó rẹwà ni mi ò bá pa mọ́.

Ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ wo inú òrùka, ìdí ìkọ́ ṣéènì, àti ibi tí báńgù ti ń ṣí. Bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, kámẹ́rà fóònù lè fà á súnmọ́ kí ẹ lè kà á. Káráàtì ni wọ́n fi ń sọ bí góòlù ṣe mọ́ tó, 24 ni èyí tó mọ́ gaara. 375 ni káráàtì 9; 585 ni 14; 750 ni 18; 916 ni 22. Ohun tí 750 ń sọ ni pé ìdá 75 nínú 100 ni ojúlówó góòlù, fàdákà, bàbà tàbí irin mìíràn ló kún un. 925 ni ti fàdákà.

Nọ́ńbà nìkan kò tó, nítorí èèyàn lè tẹ nọ́ńbà sára ohunkóhun. Mágínẹ́ẹ̀tì náà kò tó: bó bá fa nǹkan yín mọ́ra, ẹ ti mọ̀ pé irin wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá fà á, bàbà àti idẹ náà kì í fà. Ẹ wo ibi tó ti máa ń ha ara, bí abẹ́ òrùka. Bí àwọ̀ mìíràn bá ń yọjú níbẹ̀, omi góòlù ni wọ́n fi kùn ún. Alágbẹ̀dẹ wúrà tó mọṣẹ́ á fi góòlù náà ha òkúta dúdú kan, á kán ásíìdì sórí ìlà tó fà, á sì wo bóyá ìlà náà pòórá tàbí ó dúró. Ojú yín ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Èyí tó bá jẹ́ omi góòlù, ẹ má jù ú nù. Kò ṣe é yọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ṣe é wọ̀.

Ní ti ìlẹ̀kẹ̀, iyùn gidi máa ń tutù lọ́wọ́, ó sì máa ń wúwo ju bí ó ṣe tóbi lọ. Oníke fúyẹ́, kì í sì pẹ́ gba ìgbóná ara. Bí ẹ bá wo iyùn dáadáa, àwọ̀ rẹ̀ kì í rí bákan náà láti orí dé ìdí. Sẹ̀gi ní tirẹ̀, dígí ni, aláwọ̀ búlúù, àwọn baba wa sì ti ń yọ́ dígí ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Bí ẹ bá rí èyí tó ti gbó nínú ẹrù ìyá yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀ fún yín nítorí pé tuntun ń dán.

Fífọ̀, àti ohun tí mo fi ojú mi rí

Mo máa ń rí i tí àwọn èèyàn ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ idẹ, tí á sì mọ́ kedere. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú abọ́, mo kó iyùn méje sí i láti dán an wò. Kíá ni fóòmù kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára wọn, mo rò pé ìdọ̀tí ló ń hó kúrò. Nígbà tí mo kó wọn jáde tí mo nù wọ́n, gbogbo dídán ara wọn ti lọ, wọ́n funfun ráúráú bí ẹni tí kò fi ìpara pa ara lọ́jọ́ ọyẹ́. Mo fi òróró pa wọ́n, mo fi aṣọ ra wọ́n títí, wọn kò padà sí bí wọ́n ti wà. Ohun tó wà nínú ìkarahun ìgbín àti èèpo ẹyin ló wà nínú iyùn, ohun kíkan sì ń jẹ ẹ́: ọsàn, fínígà, ohunkóhun. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Fún iyùn, aṣọ rírọ̀ tí ẹ ti rẹ sómi tí ẹ sì fún ti tó. Ẹ nù ún lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀lé e. Kò sí omi gbígbóná, kò sí jíìkì, kò sí ọsàn. Góòlù ní tirẹ̀ kò lágídí: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi díẹ̀ tí a fi ń fọ abọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ọmọdé. Inú abọ́ ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi tí ihò rẹ̀ ń ṣàn lọ sí gọ́tà.

Títún ìlẹ̀kẹ̀ tò

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ lè ṣe é fúnra yín, bí kò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tú u.

Ẹ tẹ́ táwẹ̀lì funfun sórí àtẹ. Orí tábìlì lásán, ìlẹ̀kẹ̀ á yí lọ sábẹ́ àga. Bí òwú àtijọ́ bá ṣì mú díẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe wà kí ẹ tó gé e, nítorí ẹni tó tò ó ní ìdí tó fi tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ kà á, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Tiwa jẹ́ 62. Méjì ti là, ó ku 60.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ wo ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò ìlẹ̀kẹ̀ tó ti pẹ́ máa ń mú létí bí abẹ, òun ló sì ń gé òwú. Nítorí ìdí èyí, òwú ìránṣọ kò ṣe é lò. Ẹ béèrè òwú ọ̀rá tó lágbára, tàbí wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi ọ̀rá bò, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò ìlẹ̀kẹ̀ ní Gbági tàbí Dùgbẹ̀, kí ẹ sì ra ìkọ́ tó dára pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má fi rọ́bà to ohun àjogúnbá, ó yá ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ooru wa yìí á jẹ rọ́bà náà, ọjọ́ tó bá já lè jẹ́ àárín ọjà Bódìjà.

Bí ẹ bá máa lo òwú, ẹ gé èyí tó tó ìlọ́po mẹ́ta gígùn tí ẹ fẹ́, nítorí kókó ń jẹ òwú. Ẹ fi ìda fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ so ìkọ́ mọ́ ọn, ẹ ki ìlẹ̀kẹ̀ kan, kí ẹ wá ta kókó. Kí kókó náà má baà dúró jìnnà, ẹ ki orí abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ kí ó tó fún, ẹ fi abẹ́rẹ́ náà ti kókó títí yóò fi kan ìlẹ̀kẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, lẹ́yìn náà kí ẹ fa abẹ́rẹ́ yọ kí ẹ sì fà á le. Ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn, kókó mìíràn. Ó ń gba àkókò. Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá àkọ́kọ́ gba ìrọ̀lẹ́ kan lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òwú bá já, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa bọ́, kókó á di ìyókù mú. Ní ìparí, ẹ fi láítà fọwọ́ kan ẹnu òwú ọ̀rá náà fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè yọ́ dí, kí ẹ sì gbé ọwọ́ yín bo iyùn, nítorí òun kò fẹ́ iná.

A pín 48 sí mẹ́rin, ìlẹ̀kẹ̀ 12 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, a fi ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ góòlù sí àárín wọn kí wọ́n lè yí ọrùn ọwọ́ ká. Ọmọ mi gba méje sí ọrùn. Ó ku márùn-ún. Àwọn méje tí ọsàn bà jẹ́ wà nínú 12 tèmi.

Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ Mùsùlùmí tí kì í fi ẹ̀sìn rẹ̀ ṣeré, kì í wọ ẹ̀gbà ọwọ́. Ohun tí a ṣe fún un ni pé a tú tẹ̀sùbáà rẹ̀ tó ní ẹyọ 99, a fi iyùn kan sí ẹ̀yìn ẹyọ 33, òmíràn sí ẹ̀yìn 66, ẹ̀kẹta sí ìdí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gba mẹ́sàn-án tó kù. Nínú gbogbo ohun tí a ṣe, èyí ló wù mí jù, nítorí ojoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń kan ìyá àgbà.

Kí ni a lè fi kí ni ṣe?

Yẹtí tí èkejì rẹ̀ sọnù, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n jó òrùka kékeré mọ́ orí rẹ̀, ó ti di pẹ́ńdáńtì. Bí yẹtí bá pé méjì tí kò sí obìnrin tó fẹ́ ẹ, ó lè di bọ́tìnnì ẹnu ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì fún ọkùnrin. Ṣéènì tó já sí méjì lè di ẹ̀gbà ọwọ́ fún ọmọ ìyá méjì. Òrùka tó ti fẹ́lẹ́ jù láti wọ̀ sọ́wọ́, ẹ fi ṣéènì gbé e kọ́ ọrùn bó ṣe wà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gé e. Aago ọwọ́ bàbá tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ojú rẹ̀ nìkan tó láti so kọ́ ṣéènì.

Kí ẹ sì rántí pé góòlù kò tọ́ sí ọkùnrin Mùsùlùmí láti wọ̀, fàdákà ni tirẹ̀.

Bí ó bá di dandan kí a lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà

Ẹ wá ẹni tí ẹni tí ẹ mọ̀ ti lò, tó ń jẹ́ kí oníbàárà jókòó wo iṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí kò sì fẹ́ wọ̀n ọ́n lójú yín, ẹ kó ẹrù yín. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbé ṣéènì kan fún ẹnìkan láìwọ̀n ọ́n. Ohun tí mo gbà padà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì ní ẹ̀rí kankan.

Ẹ wọ̀n ọ́n nílé kí ẹ tó jáde, òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù kò wọ́n. Ẹ tún wọ̀n ọ́n níwájú alágbẹ̀dẹ. Kí ó kọ ọ́ sórí ìwé: gíráàmù mélòó, káráàtì wo, kí ló máa ṣe, èló ni owó iṣẹ́, mélòó ló máa dín nínú yíyọ́ àti fífáìlì, àti pé èérún tó bá ṣẹ́kù, tiyín ni. Góòlù máa ń dín díẹ̀ lóòótọ́, ẹ má bá a jà lórí ìyẹn, iye rẹ̀ ni kí ẹ fẹnu kò lé lórí ṣáájú.

Ìṣirò tiwa rèé. Báńgù méjèèjì jẹ́ gíráàmù 24, káráàtì 18, ìyẹn ni pé ojúlówó góòlù inú rẹ̀ jẹ́ 18. Èyí tí wọ́n fi owó kòkó rà jẹ́ 12, èyí ńlá náà jẹ́ 12 nítorí pé inú rẹ̀ ṣófo. A kò yọ́ ti owó kòkó. Alágbẹ̀dẹ kọ́kọ́ fi iná rọ̀ ọ́ díẹ̀ kó tó nà án, nítorí góòlù tí wọ́n ti tẹ̀ síwá sẹ́yìn máa ń le, bí wọ́n bá sì fi agbára nà án bẹ́ẹ̀, ó lè là. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Èkejì ni a yọ́, díẹ̀ ló fi dín sí gíráàmù 3 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan, ó tó òrùka tín-ín-rín tàbí pẹ́ńdáńtì. Èyí tó kan àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wọ̀ ọ́.

Kí wọ́n tó gbé e kaná, kí gbogbo òkúta, iyùn àti péálì ti kúrò lára rẹ̀. Ìwọ̀n ooru 1064 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni góòlù tó mọ́ gaara ń yọ́. Iyùn kò lè rí iná bẹ́ẹ̀ kó yè. Kí ìkòkò ìyọ́ mọ́, kó má sí góòlù ẹlòmíì nínú rẹ̀. Kí wọ́n má sì da káráàtì pọ̀ láì sọ fún yín. Bí ẹ bá da gíráàmù 10 ti káráàtì 18 pọ̀ mọ́ gíráàmù 10 ti káráàtì 9, ìdá 56 nínú 100 péré ni góòlù tó wà nínú 20 náà, kò tó káráàtì 14. Bí ohun tí ẹ ní kò bá tó, ẹ ra góòlù tuntun tí káráàtì rẹ̀ bá a mu kún un.

Òrùka: ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ìka, kì í ṣe òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ tí ìka ti sún kì. Kó kọjá oríkèé, kó má sì máa yí.

Orúkọ inú òrùka

A ní kí wọ́n fín oríkì ìyá àgbà, Àṣàkẹ́, sínú òrùka kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi ẹnu sọ orúkọ fún ẹni tó ń fín in. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí ìwé pẹ̀lú àmì orí àti àmì ìdí, kí ẹ sì fi ìka tọ́ka sí àmì ìdí náà. Lórí òrùka àkọ́kọ́, Asake ni wọ́n kọ, a sì ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ohun tó ṣẹ́kù

Mo ra aṣọ òkè pélébé kan ní ọjà Ọjẹ́, mo fi rán àpò kéékèèké kí góòlù àti iyùn má máa ha ara wọn. Ẹ fi lọ́fínńdà sára kí ẹ tó wọ iyùn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì bọ́ ọ kí ẹ tó wẹ̀.

Iyùn márùn-ún tó kù, méjì tó là, àti òwú jíjẹrà náà wà nínú ìgò kékeré kan nínú agolo bísíkíìtì yẹn. Mo fi ìwé sí i: orúkọ ẹni tó ni ín, ẹni tó gba èwo, iye ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́wọ́ oníkálukú, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n màmá mi sọ nípa báńgù owó kòkó. Márùn-ún náà wà fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Báńgù náà, ọdọọdún là ń gbé e fún ara wa. Ọdún yìí, ọ̀dọ̀ àbúrò mi àbígbẹ̀yìn ló wà, ní Mọ́níyà.